Iná Ẹ̀yìnkùlé ní Kùmásì

Bí ìyá Yorùbá kan bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Kùmásì, tó gbé ohùn sókè pe ọmọ rẹ̀ pé “Bọ́lá o!”, àfàìmọ̀ kí àwọn ọmọ àdúgbò má bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé orúkọ náà burú. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Bọ́lá, ọlá ló fọkàn sí. Àmọ́ nílẹ̀ Gánà, pàǹtí ni wọ́n ń pè ní bọ́lá: ewé gbígbẹ tí wọ́n gbá lójúde, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, eérú, àkísà, àti ọ̀rá omi tí wọ́n ti mu tán. Ààtàn tí wọ́n ń dà á sí pàápàá, bọ́lá náà ni. Àwọn àgbà ló ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Yorùbá tó bá ti pẹ́ ní Kùmásì á ti mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí, òun náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ti orúkọ, ẹ̀rín ni. Ti pàǹtí fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín. Ìbéèrè kan wà tí gbogbo ilé ní Kùmásì gbọ́dọ̀ dáhùn lójoojúmọ́: ibo ni ká kó o sí? Ìdáhùn tó yá jù, tí kò sì náni ní nǹkan kan ju ẹyọ ìṣáná kan lọ, ni pé ká sun ún. Ìdáhùn yẹn gan-an ni òfin ń bá wí.

Ìlú tó wà lábẹ́ igi

Kùmásì ni olú ìlú ilẹ̀ Àṣáńtì. Ó fi nǹkan bíi 250 kìlómítà jìn sí Accra, lápá àríwá ìwọ̀ oòrùn. Igi ló fún un lórúkọ. Ìtàn ìbílẹ̀ sọ pé àwòrò ńlá kan, Okomfo Anokye, tó jẹ́ olùdámọ̀ràn Ọba Osei Tutu Kìíní, gbin igi kum sí ìlú méjì kí wọ́n lè mọ ibi tó yẹ kó jẹ́ olú ìlú. Ibi tí igi ti hù ni wọ́n yàn. Kumase, ìyẹn ni abẹ́ igi kum. Títí dòní, idà tí wọ́n ní Anokye gún mọ́lẹ̀ ṣì wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, àlejò sì lè lọ wò ó. Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, igi àti òdòdó pọ̀ ní ìlú náà débi pé wọ́n ń pè é ní ìlú ọgbà ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Orúkọ ọ̀hún ò tíì kúrò lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀.

Ibi tí igi bá pọ̀ sí, ewé á pọ̀ níbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ewé máńgòrò àti ti dóńgóyárò máa ń bo ojúde. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, nígbà tí àwọn tó lọ kí ìrun àsùbáà ní Asawase àti Aboabo ṣì ń bọ̀ lọ́nà, ìró ìgbálẹ̀ á ti gba àdúgbò. Obìnrin á gbá iwájú ilé, á gbá àyíká ilé ìdáná, á kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ẹ̀yìnkùlé, á sì ṣáná sí i. Kó tó di pé oòrùn yọ, èéfín á ti máa gòkè níbí, òmíràn á máa gòkè lọ́hùn-ún. Wọ́n á dà pọ̀ mọ́ kùrukùru ọyẹ́, ẹni tó bá dúró lórí òkè kò sì ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó máa rí obìnrin yìí tó máa pè é ní ọ̀bùn. Lójú ara rẹ̀, ìmọ́tótó ló ń ṣe. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bí ìyá ìyá rẹ̀ náà sì ṣe ṣe é nìyẹn. Kódà, àkọsílẹ̀ wà pé ó ti lé ní igba ọdún tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Kùmásì.

Ohun tí àlejò rí ní 1817

Lóṣù Karùn-ún ọdún 1817, Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Thomas Edward Bowdich wọ Kùmásì. Ó wà lára ikọ̀ tí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Cape Coast rán sí Ọba Osei Bonsu. Ìwé tó kọ nípa ìrìn àjò náà jáde ní London ní 1819, àwọn òpìtàn sì ń lò ó títí dòní.

Ìmọ́tótó ìlú náà wà lára ohun tó ya Bowdich lẹ́nu. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé kọ̀ọ̀kan ní ilé ìgbẹ́ tirẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ kòtò rẹ̀ jìn gan-an, tí wọ́n sì ń da omi gbígbóná sí lójoojúmọ́. Ó tún kọ ọ́ pé láràárọ̀ ni ilé kọ̀ọ̀kan máa ń sun pàǹtí rẹ̀ lẹ́yìn òpópónà. Nígbà yẹn, ó ṣì ku ọdún 41 kí òórùn ìdọ̀tí tó wà nínú odò Thames tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé àwọn aṣòfin London kúrò níjókòó wọn.

Torí náà, iná ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe ìwà pálapàla tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ara ohun tó jẹ́ kí Kùmásì mọ́ ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tó wà nínú iná ìgbà náà. Ewé ni, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, pòpórò ni, igi ni, àti àkísà òwú. Ohun tó ti inú ilẹ̀ wá ló ń padà sílẹ̀. Eérú rẹ̀ ò pa ẹnikẹ́ni lára bí wọ́n bá dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ tiwa. Ewé la fi ń pọ́n ẹ̀kọ, ewé la fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán á sọ ewé sí ààtàn, ewúrẹ́ á jẹ nínú rẹ̀, èyí tó kù á jẹrà. Ta ni kò rántí tòmátò tàbí ìbẹ́pẹ tó lalẹ̀ hù lórí ààtàn láìsí ẹni tó gbìn ín? Eérú tó jáde látinú èèpo kòkó, ọṣẹ dúdú la fi ń ṣe. Ààtàn ìgbà náà ò yàtọ̀ sí oko kékeré kan.

Ohun tó yí padà nínú iná

Ìlú náà yí padà. Lóṣù Kejì ọdún 1874, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dáná sun Kùmásì. Ní 1924, nígbà tí ìlú ti wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ ibẹ̀, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìlera ìlú sílẹ̀ ní 1925. Àtìgbà náà ni ọ̀rọ̀ pàǹtí ti kúrò lọ́wọ́ agboolé nìkan, tó ti di ọ̀rọ̀ ìjọba.

Àmọ́ ìyípadà tó tóbi jù kò ti ọwọ́ ogun tàbí àrùn wá. Inú agbọ̀n ọjà ló gbà wọlé. Omi tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá gbòde kan. Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní waakye, tó jẹ́ pé inú ewé ni wọ́n ń bù ú sí tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ọ̀rá àti nínú abọ́ fúnfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n á sọ nù. Ohun tí àwa ń pè ní ọ̀rá tàbí láílọ́ọ̀nù, rọ́bà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Rọ́bà yìí kì í jẹrà, ewúrẹ́ tó bá jẹ ẹ́ sì lè kú. Ó ń dí gọ́tà, ó sì ń kún inú odò Subin tó gba àárín ìlú kọjá. Ìyá tó gbálẹ̀ láàárọ̀ ṣì ń ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, àmọ́ ohun tó ń kó sínú iná ti yàtọ̀ sí tàtijọ́.

Nígbà tí iná bá jó ọ̀rá àti ike, èéfín rẹ̀ máa ń gbé oríṣiríṣi nǹkan tí ojú kò lè rí. Àkọ́kọ́ ni eruku tó kéré débi pé ìbú irun orí kan tó bí ìlọ́po 30 rẹ̀. Irun imú ò lè dá a dúró, ikọ́ ò sì lè hú gbogbo rẹ̀ jáde. Ó ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ, òmíràn sì ń gba ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù méje èèyàn ni afẹ́fẹ́ tó lẹ́gbin, ti inú ilé àti ti ìta, ń gba ẹ̀mí wọn láìpọ́jọ́ lọ́dọọdún. Ọmọdé ló ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, torí ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣì ń dàgbà, wọ́n sì ń mí lemọ́lemọ́ ju àgbà lọ.

Ìkejì ni májèlé tó ń jẹ́ dioxin. Ó máa ń jáde nígbà tí irú ike kan, irú èyí tó wà lára páìpù omi àti ara wáyà iná, bá jóná láìgbóná tó. Dioxin kì í bá èéfín lọ pátápátá. Ó ń bà sórí ilẹ̀, adìyẹ á ṣa oúnjẹ níbẹ̀, ó sì ń dúró sínú ọ̀rá ara ẹran, sínú ẹyin àti wàrà. Ní 2019, àjọ IPEN gbé àbọ̀ ìwádìí jáde nípa ẹyin adìyẹ tó ń jẹ̀ káàkiri ní Agbogbloshie ní Accra, níbi tí wọ́n ti ń sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ yọ. Dioxin tí wọ́n bá nínú ẹyin náà fi ìlọ́po púpọ̀ ju ìwọ̀n tí ilẹ̀ Yúróòpù fàyè gbà lọ. Lóṣù Keje ọdún 2021, ìjọba palẹ̀ àwọn oníjákujàku ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti ń tú mọ́tò àti ẹ̀rọ kò ṣàìní wáyà àti táyà àlòkù. Kùmásì náà ní Suame Magazine, tó wà lára àwọn ọgbà mẹkáníìkì tó tóbi jù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Tankase dé o

Kò sí ìwé òfin kan ṣoṣo ní Gánà tí èèyàn lè ṣí kó sì rí gbogbo ọ̀rọ̀ iná pàǹtí nínú rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn ti 1960 ló sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti da ìdọ̀tí sójú títì. Ní 1983, ọ̀dá ńlá dá nílẹ̀ náà, iná igbó sì jó oko kòkó lọ rẹrẹẹrẹ. Lọ́dún yẹn náà ni ìjọba ológun gbé òfin iná igbó jáde, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 1990. Ẹni tó bá dáná sun koríko tàbí ewé oko tí iná náà sì sá mọ́ ọn lọ́wọ́ ti wọ gàù òfin yẹn. Ní 2012, wọ́n kó àwọn òfin ìlera ìlú jọ sínú Act 851, tó fún àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó lágbára lórí ohun tó bá ń ni ará àdúgbò lára. Lẹ́yìn náà ni Act 936 ti 2016, tó fún ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti ṣe òfin ìbílẹ̀ tirẹ̀.

Nínú ìlú, abẹ́ irú òfin ìbílẹ̀ yìí ni iná ẹ̀yìnkùlé bọ́ sí. Òye rẹ̀ ò le. Ohunkóhun tó bá kúrò nínú ọgbà rẹ tó sì ń yọ aládùúgbò lẹ́nu, ìbáà ṣe òórùn, omi ìdọ̀tí tàbí èéfín, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó lè wá wò ó, ó lè pàṣẹ pé kó o dáwọ́ dúró, ó sì lè gbé ọ lọ sílé ẹjọ́ bó ò bá gbọ́.

Àwọn tí à ń pè ní wolé-wolé lọ́dọ̀ tiwa, tankase ni wọ́n ń pè wọ́n ní Gánà. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìgbìmọ̀ ìlú ló yí padà lẹ́nu àwọn èèyàn tó fi dà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo láyé àtijọ́ kò nílò àlàyé púpọ̀. Tankase á wọlé láìròtẹ́lẹ̀, á yọjú sínú àmù bóyá ẹyin ẹ̀fọn wà níbẹ̀, á yẹ ilé ìgbẹ́ wò, á yí lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bó ṣe ń wọ àdúgbò ni àwọn obìnrin á ti máa sáré gbálẹ̀.

Ohun kan wá mú iṣẹ́ náà le sí i. Wọ́n ti yọ Asokore Mampong kúrò lábẹ́ Ìgbìmọ̀ Ìlú Kùmásì, tí wọ́n ń pè ní KMA, ní 2012. Ní 2018, wọ́n tún yọ Oforikrom, Kwadaso, Old Tafo, Suame àti Asokwa, kálukú sì ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Ọ̀nà kan lè wà tí ilé ọ̀tún wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ kan tí ilé òsì sì wà lábẹ́ òmíràn. Èéfín kì í béèrè ààlà kó tó sọdá.

Níbi tí ọkọ̀ kò dé

Bí òfin bá wà, tí tankase wà, kí ló dé tí èéfín ṣì ń gòkè? Ìdáhùn rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ìkólẹ̀ ń gbà.

Ní àwọn àdúgbò tí ilé wọn jìnnà síra, bíi Nhyiaeso àti Ahodwo, ọkọ̀ máa ń dé ẹnu géètì wá gbé garawa ìdọ̀tí, onílé á sì sanwó lóṣooṣù. Ní àwọn àdúgbò tí èrò há gádígádí, àpótí irin ńlá kan ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ilé. Ọmọdé tàbí ìyá á ru ilẹ̀ dé ibẹ̀, á san owó díẹ̀, á sì dà á sínú rẹ̀. Bí àpótí bá kún tí ọkọ̀ ò tètè dé, ìdọ̀tí á dà sílẹ̀ yí i ká. Nígbà mìíràn, ẹnì kan á ti iná bọ̀ ọ́ kó lè wálẹ̀, nígbà mìíràn sì rèé, eérú gbígbóná tí wọ́n dà sínú rẹ̀ ló máa gbiná. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń wa kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní aboboyaa ló ń wọ ibi tí ọkọ̀ ńlá ò lè wọ̀. Àwọn náà ń gbowó.

Pàǹtí tí ìlú náà ń dà jáde lóòjọ́ pọ̀. Iye tí àwọn olùwádìí sábà máa ń pè é ni nǹkan bíi 1,500 tọ́ọ̀nù. Ibi tó yẹ kí wọ́n kó o lọ ni ilẹ̀ ìdalẹ̀sí ńlá ti Oti, ní Dompoase, tí wọ́n ṣí ní 2004. Ibẹ̀ náà ò bọ́ lọ́wọ́ iná. Nísàlẹ̀ òkìtì, níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé, ohun tó ń jẹrà máa ń mú gáàsì jáde, gáàsì yìí sì lè gbiná kó máa rú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn ará Èkó mọ irú rẹ̀. Lóṣù Kẹta ọdún 2018, iná sọ ní ààtàn Olúṣòsùn ní Ọjọ́ta, èéfín sì bo àdúgbò débi pé ìjọba ní láti ti ibẹ̀ pa fúngbà díẹ̀. Èkó sì rèé, látọdún 1977 ló ti dá iléeṣẹ́ tó ń kó ìdọ̀tí sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí LAWMA lónìí.

Nǹkan mìíràn tún wà. Lọ́dún 2014, kọ́lẹ́rà jà ní Gánà. Ó lé ní 28,000 èèyàn tó kó o, àwọn tó kú sì lé ní 200. Láti oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ìjọba ya Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù sọ́tọ̀ fún ìmọ́tótó gbogbo orílẹ̀-èdè, bí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwa ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Ẹni tó bá ti bá wọn kó gọ́tà rí mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀: wọ́n á wa ẹrẹ̀ àti ọ̀rá jáde sí etí gọ́tà, wọ́n á máa retí ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ò bá wá, òjò á gbé e padà, tàbí kí ẹnì kan ṣáná sí i.

Ìyá tó wà ní ẹ̀yìnkùlé ti rí i pé òun wà láàárín méjì. Bó bá fi ilẹ̀ sílẹ̀, eku àti eṣinṣin á dé, tankase á sì bá a wí pé ilé rẹ̀ dọ̀tí. Bó bá sun ún, tankase á bá a wí nítorí èéfín. Bó bá dà á sí gọ́tà lóru, òun ló burú jù. Òfin ti tọ́ka sí gbogbo ọ̀nà tí kò gbọ́dọ̀ gbà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún un, owó ló ń béèrè, àti ọkọ̀ tó ń wá lásìkò.

Nínú agboolé kan

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo agboolé kan ní Asawase, irú èyí tó pọ̀ ní Kùmásì. Yàrá méjìlá ló yí àgbàlá kan ká, ìdílé mẹ́jọ ń lo ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo. Àṣáńtì wà níbẹ̀, Dagomba wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀. Ìdílé Yorùbá kan náà wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn wa ti pẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ṣakí àti Ìlọrin ni wọ́n ti wá ṣòwò láyé Gold Coast, kó tó di pé àṣẹ ìjọba Busia ti oṣù Kọkànlá ọdún 1969 lé ọ̀pọ̀ wọn kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan kò lọ, àwọn kan sì padà wá.

Ọmọ kan nínú agboolé yìí ní ikọ́ fée. Bí iná bá ń jó ní ẹ̀yìnkùlé, ńṣe ni àyà rẹ̀ máa ń há. Yorùbá ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìyá ọmọ náà á tọ àgbà obìnrin tó ṣáná lọ, á kúnlẹ̀, á ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi dá a dúró, kí ọmọ yìí lè rí èémí mí.” Àgbà obìnrin náà, tí kò ní ìkà nínú rárá, á dáhùn pé, “Àbúrò mi, ṣé kí n wá gbé e mì ni?”

Àwọn méjèèjì ló jàre. Bí tankase bá wọlé lásìkò yẹn, ó lè bu owó ìtanràn lé ẹnì kan, àmọ́ kò dá ọ̀rọ̀ náà sí. Lọ́la, ilẹ̀ tuntun á tún ti kún.

Ohun tó lè dá a sí ni pé kí agboolé jókòó papọ̀, kí wọ́n sì wo ohun tó wà nínú òkìtì náà gan-an. Àwọn olùwádìí ti rí i pé ó ju ìdajì pàǹtí ilé ní Gánà lọ tó jẹ́ ohun tó ń jẹrà: ewé, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, àjẹkù. Èyí kò nílò iná. Bí wọ́n bá gbẹ́ kòtò kékeré sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń dà á síbẹ̀ tí wọ́n sì ń fi erùpẹ̀ bò ó, á di ajílẹ̀. Ẹ̀bá ìlú náà, ní Adagya, ni wọ́n kọ́ iléeṣẹ́ kan sí tó ń fi pàǹtí ìlú ṣe irú ajílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgò, agolo, irin àti ike líle náà kò yẹ nínú iná, torí àwọn èèyàn wà tó ń ṣà wọ́n kiri lọ tà. Bí wọ́n bá yọ méjèèjì yìí kúrò, ohun tó máa ṣẹ́ kù kò ní pọ̀: ọ̀rá, abọ́ fúyẹ́fúyẹ́, páḿpásì ọmọ, àti àkísà. Ìwọ̀nyí gan-an ló léwu jù láti sun, àwọn sì ni wọ́n á kó fún aboboyaa.

Owó aboboyaa ńkọ́? Owó tí ìdílé kan kò lè dá san, ìdílé mẹ́jọ lè dá a jọ. Àwọn ará Gánà mọ àjọ dáadáa. Susu ni wọ́n ń pè é, kò sì sí Yorùbá tó máa gbọ́ orúkọ yẹn tí kò ní rántí èsúsú. Bí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé jáde bá ti dín sí ìdajì, owó tí wọ́n á san náà á dín kù.

Ohun tó kàn yín

Ọ̀rọ̀ yìí ò mọ sí Kùmásì. Ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́ tàbí Kútọnu, ìṣáná ẹ̀yìnkùlé kò ṣàjèjì. Bí ẹ kò bá tíì ní ọkọ̀ tó ń kólẹ̀ ládùúgbò yín, nǹkan díẹ̀ wà tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rá, ike, wáyà, táyà tàbí bátìrì wọ inú iná, ì báà tilẹ̀ jẹ́ láti fi tan igi ìdáná. Ẹ ya ewé àti èèpo sọ́tọ̀, kí ẹ bò wọ́n mọ́lẹ̀ dípò kí ẹ sun wọ́n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí adìyẹ máa jẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sun ike. Bí èéfín bá sì ń yọ yín lẹ́nu, ẹ kọ́kọ́ bá aládùúgbò sọ ọ́ ní ìtùnbí ìnùbí kí ẹ tó pe wolé-wolé.

Ìjọba náà ní ipa tirẹ̀, èyí tó sì yẹ kó ṣáájú ni. Òfin tó sọ fún ìyá kan pé kó má sun pàǹtí dára, àmọ́ ọkọ̀ ìkólẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ìwé ìtanràn tó dé. Láwọn àdúgbò tí ọkọ̀ ti ń wá déédéé, ìṣáná kì í ṣòro fi sílẹ̀.

Ilé kọ̀ọ̀kan ní Kùmásì tí Bowdich rí ní 1817 ń tọ́jú ohun tó dà jáde lóòjọ́, lóòjọ́. Iná ló fi ń ṣe é, torí ohun tó wà lọ́wọ́ wọn nìyẹn, ohun tí wọ́n sì ń sun kò ní májèlé nínú. Ìgbálẹ̀ ìyá Asawase kò yàtọ̀ sí tìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ rẹ̀ sí ìmọ́tótó. Ohun tó wà nínú òkìtì nìkan ló yàtọ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, kó tó mú ìṣáná, bó bá lè tẹ̀ ba kó ṣa ọ̀rá kúrò láàárín ewé, ọmọ tó ń sùn nínú yàrá kejì á lè sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́.